Kí Ẹ Tó Pààrọ̀ Ọkọ̀ Oníná Yín: Iná Ilé Ni Kí Ẹ Kọ́kọ́ Wò, Kì í Ṣe Ọdún Ọkọ̀

Láti ọjọ́ 29 oṣù Karùn-ún ọdún 2023, tí Ààrẹ Bọ́lá Tinúbú kéde pé owó ìrànwọ́ orí epo ti dópin, ọ̀rọ̀ ọkọ̀ ti di ọ̀rọ̀ àròjinlẹ̀ nínú ilé ọ̀pọ̀ Mùsùlùmí ní ilẹ̀ Yorùbá. Lítà bẹntiróòlù tí a ń rà ní nǹkan bíi ₦190 nígbà náà ti lé ní ₦1,000 ní ọ̀pọ̀ ibi kí ọdún 2024 tó parí. Ìyẹn ló mú kí àwọn ìdílé kan bẹ̀rẹ̀ sí í wo apá ọkọ̀ oníná, ìyẹn mọ́tò tí kì í mu epo rárá, tó jẹ́ pé bátìrì ńlá tó wà lábẹ́ rẹ̀ la máa ń ṣáàjì bí ẹni ń ṣáàjì fóònù.

Irú ọkọ̀ bẹ́ẹ̀ kò tíì pọ̀ ní Adó-Èkìtì. Ṣùgbọ́n ẹni tó bá ti ní i, ìbéèrè kan kì í pẹ́ kó tó wọlé tọ̀ ọ́ wá: ṣé kí á fi èyí tó wà nílé yìí ṣe pààrọ̀, kí á fi owó lé e, kí á gba èyí tó tuntun jù ú lọ? Ẹni tó ń ta ọkọ̀ á ní tuntun ló dára. Àwọn ọmọ á ní ti ọ̀rẹ́ àwọn ní tẹlifísọ̀n gbàgẹ̀rẹ̀ níwájú. Ẹ̀gbọ́n tó wà lókè òkun á ní kí ẹ dúró, òun á fi tòun ránṣẹ́. Owó tó sì fẹ́ bá ọ̀rọ̀ náà lọ lè jẹ́ owó ilé ìwé ọmọ ọdún mẹ́ta, tàbí owó tí bàbá àti ìyá ti ń tọ́jú láti lọ sí Hajj.

Èrò tiwa nìyí, kí ó lè yé wa láti ìbẹ̀rẹ̀: ní Adó àti ní àwọn ìlú àárín gbùngbùn Èkìtì, ọdún tí wọ́n ṣe ọkọ̀ kọ́ ló yẹ kí ìdílé kọ́kọ́ wò. Ohun mẹ́ta ló yẹ kí wọ́n wò: ibi tí wọ́n ń lọ lójúmọ́, ìlera bátìrì tó wà lábẹ́ ọkọ̀ wọn, àti irú iná tó wà nínú ilé wọn. Ẹni tó bá wo mẹ́tẹ̀ẹ̀ta dáadáa, ọ̀pọ̀ ìgbà ni yóò rí i pé owó tí òun fẹ́ fi lé ọkọ̀ tuntun ì bá wúlò jù lórí iná ilé.

Ibo ni ọkọ̀ náà ti ń wá?

Ní oṣù Kọkànlá ọdún 2020, ilé iṣẹ́ Stallion fi Hyundai Kona oníná hàn ní Èkó. ₦24 mílíọ̀nù ni iye tí wọ́n pè é nígbà náà. Ọwọ́ ọ̀pọ̀ ìdílé kò tó o, nítorí náà tòkunbọ̀ ni ojú wọn wà. Ní oṣù Kẹwàá ọdún 2024, Wale Edun, mínísítà ètò ìnáwó nígbà náà, kéde pé ìjọba àpapọ̀ yọ owó orí ọjà, èyí tí à ń pè ní VAT, kúrò lórí ọkọ̀ oníná. Ìyẹn ran olùrà lọ́wọ́ díẹ̀, ṣùgbọ́n kò sọ ọkọ̀ náà di ọ̀fẹ́.

Àwọn ìdílé tó ní ènìyàn ní London gbọ́dọ̀ kíyè sí nǹkan kan. Láti ọjọ́ 29 oṣù Kẹjọ ọdún 2023 ni gbogbo àdúgbò London ti bọ́ sábẹ́ òfin pé ọkọ̀ tí èéfín rẹ̀ burú gbọ́dọ̀ máa san £12.50 lójúmọ́. Ọkọ̀ oníná bọ́ nínú ìyẹn. Ṣùgbọ́n láti oṣù Kẹrin ọdún 2025 ni wọ́n ti ń gba owó orí ọkọ̀ lọ́wọ́ àwọn oníná náà, nígbà tó sì di ọjọ́ 25 oṣù Kejìlá ọdún yẹn, owó tí wọ́n ń gbà lọ́wọ́ ẹni tó bá wa ọkọ̀ wọ àárín ìlú London kan àwọn náà. Ó ṣeé ṣe kí ẹ̀gbọ́n yín sọ pé òun fẹ́ bọ́ lọ́wọ́ tòun, òun á fi ránṣẹ́ sílé. Ẹ fi ọgbọ́n dá a lóhùn pé ọwọ́ ọ̀tún ni ìdarí ọkọ̀ wọn wà. Láti ọjọ́ 2 oṣù Kẹrin ọdún 1972 ni Nàìjíríà ti kúrò ní wíwa ọkọ̀ lápá òsì títì, òfin ìrìnnà wa kò sì fàyè gba ọkọ̀ tí ìdarí rẹ̀ wà lọ́wọ́ ọ̀tún. Owó ọkọ̀ ojú omi ni yóò ṣòfò.

Èyí tó ń bọ̀ láti Amẹ́ríkà ní ìdarí lọ́wọ́ òsì bíi tiwa, ṣùgbọ́n òun náà ní ọ̀rọ̀ tirẹ̀. Iná ilé wọn jẹ́ fóòtì 120, tiwa jẹ́ 230. Ọkọ̀ fúnra rẹ̀ lè gba méjèèjì, àmọ́ okùn ṣájà tó bá a wá lè jẹ́ ti 120 nìkan. Bí ẹ bá kì í bọ sọ́kẹ́ẹ̀tì Adó láìka ohun tí wọ́n kọ sára rẹ̀, ó lè jóná lójú ẹsẹ̀. Àwọn tó ń bọ̀ láti Jámánì tàbí Netherlands bá fóòtì tiwa mu.

Ẹ tún bèèrè ọ̀rọ̀ ìpadàsílé iṣẹ́. Ní ọdún 2021, Hyundai pe nǹkan bíi ọkọ̀ 82,000 padà kárí ayé nítorí bátìrì tó lè gbiná. Kona ló pọ̀ jù nínú wọn. Ní ọdún kan náà, General Motors pe gbogbo Chevrolet Bolt tí wọ́n ti ṣe títí di ìgbà náà padà nítorí irú ewu yìí. Èyí tí wọ́n ti pààrọ̀ bátìrì rẹ̀ lè dára gan-an, torí bátìrì rẹ̀ tuntun ju ọkọ̀ lọ. Èyí tí wọn kò tíì fọwọ́ kàn kò yẹ nínú ọgbà tí ọmọdé ń sùn sí. Fún ọkọ̀ tó ti Amẹ́ríkà wá, nọ́ńbà ṣásí rẹ̀ lẹ ó tẹ̀ sórí ìkànnì àjọ ààbò ojú pópó wọn, NHTSA, ẹ ó sì rí èsì lọ́fẹ̀ẹ́.

Ìbéèrè kìíní: báwo ni ẹ ṣe ń rìn jìnnà tó?

Ẹ jẹ́ kí á fi ọkọ̀ kan ṣe àpẹẹrẹ, kí ìṣirò lè rọrùn. Nissan Leaf ti jáde láti ìparí ọdún 2010, ó sì wà lára àwọn tí owó wọn kò ga jù ní ọjà tòkunbọ̀. Bátìrì àwọn ti àkọ́kọ́ gba yúnìtì iná 24. Yúnìtì tí a ń sọ yìí náà ni èyí tí ẹ ń rà sórí mítà. Ìwọ̀n tí ìjọba Amẹ́ríkà gbé jáde fún àwọn ti ọdún 2014 ni pé wọ́n lè rin nǹkan bíi kìlómítà 135 bí bátìrì bá kún. Nígbà tó di ọdún 2018, Leaf oníyúnìtì 40 jáde, òun lè rin nǹkan bíi 243. Ní ọdún 2019, wọ́n ṣe èyí tó gba 62, òun lè dé nǹkan bíi 364.

Ìwọ̀n ọkọ̀ tuntun nìyẹn, lórí títì tó tẹ́jú. Èkìtì kọ́ ni. Òkè ni ilẹ̀ wa, ẹni tó bá ti wa ọkọ̀ gba Ìtáwùré gòkè lọ sí Ẹfọ̀n Aláayè mọ̀ bẹ́ẹ̀. Ọkọ̀ oníná máa ń jẹ iná púpọ̀ nígbà tó bá ń gun òkè, bó tilẹ̀ jẹ́ pé ó máa ń dá díẹ̀ padà sínú bátìrì nígbà tó bá ń sọ̀ kalẹ̀. Ẹ̀rọ atutù náà ń jẹ tirẹ̀, pàápàá bí gbogbo ilé bá wà nínú ọkọ̀ lóṣù Kejì tàbí oṣù Kẹta.

Ká ní Leaf àtijọ́ ló wà nílé yín, tí bátìrì rẹ̀ ṣì ní ìdá 70 nínú ọgọ́rùn-ún agbára rẹ̀. Kìlómítà 135 ti di nǹkan bíi 95. Bí ẹ bá sì fi ìdá 20 sílẹ̀ nínú rẹ̀ kí ọkọ̀ má baà dákú sójú ọ̀nà, nǹkan bíi 75 ló kù. Ẹ gbé e ka orí ìrìn yín. Láti Adó sí Ìkẹ́rẹ́ kò tó 20, lílọ bíbọ̀ kò tó 40: ó tó. Ìyìn àti Ìgèdè: ó tó dáadáa. Àrámọkọ, lílọ bíbọ̀: ó ń há, bí kò bá sí ibi tí ẹ ti lè ṣáàjì níbẹ̀. Àkúrẹ́ tàbí Ẹfọ̀n, lílọ bíbọ̀ jẹ́ nǹkan bíi 100: kò tó.

Ká wá ní ẹ pààrọ̀ rẹ̀ sí èyí tó gba yúnìtì 40, tí bátìrì rẹ̀ wà ní ìdá 85. Yóò fún yín ní nǹkan bíi 165 lẹ́yìn tí ẹ bá ti fi ìdá 20 sílẹ̀. Àkúrẹ́ ti ṣeé lọ ṣeé bọ̀, Ẹfọ̀n náà àti Ìjerò bẹ́ẹ̀. Ṣùgbọ́n Ìbàdàn, tó jẹ́ nǹkan bíi 200 láti Adó, kò ṣeé dé. Kódà èyí tó gba 62 lè gbé yín dé Ìbàdàn, kò ní lè gbé yín padà láìjẹ́ pé ẹ rí ibi ṣáàjì fún wákàtí púpọ̀.

Nítorí náà, bí ohun tó ń dun ìdílé yín bá jẹ́ pé ẹ kò lè fi ọkọ̀ náà lọ sí nikáà ní Ìbàdàn tàbí kí ẹ fi kí àwọn ẹbí ní Èkó, pípààrọ̀ rẹ̀ kò yanjú ìyẹn. Ọkọ̀ èrò ló yanjú rẹ̀, tàbí ọkọ̀ elépo ẹ̀gbọ́n. Ṣùgbọ́n bí ẹnì kan nínú ilé bá ń ṣiṣẹ́ ní Àkúrẹ́, tó ń lọ tó ń bọ̀ lójoojúmọ́, ọ̀rọ̀ yí padà: ìdí gidi wà láti pààrọ̀. Bí gbogbo ìrìn yín kò bá kọjá ilé ìwé, ibi iṣẹ́, ọjà, Jímọ̀ àti ilé kéú, tí àpapọ̀ rẹ̀ jẹ́ 30 lójúmọ́, ọkọ̀ àtijọ́ tó ṣì lè rin 75 ń ṣe ìlọ́po méjì ohun tí ẹ nílò. Ìwọ̀n eku ni ìwọ̀n ìtẹ́.

Ìbéèrè kejì: báwo ni bátìrì ṣe wà?

Ohun tí ẹ́ńjìnnì jẹ́ sí ọkọ̀ elépo ni bátìrì jẹ́ sí ọkọ̀ oníná. Ooru sì ni ọ̀tá rẹ̀. Ní ọdún 2012, àwọn tó ní Leaf ní Phoenix, ìlú kan tó gbóná gidigidi ní Arizona, bẹ̀rẹ̀ sí í pariwo pé bátìrì àwọn ń dínkù kíákíá. Ìdí kan ni pé Leaf kò ní ètò tí ń fi omi tu bátìrì lára bíi ti Kona tàbí ti Bolt. Nissan wá fi ẹ̀rí ìdánilójú kún un fún àwọn oníbàárà, wọ́n sì gbé bátìrì tó fara da ooru díẹ̀ jáde nínú ọkọ̀ ọdún 2015. Adó kò gbóná tó Phoenix, ṣùgbọ́n oòrùn wa kò lọ síbì kan láti oṣù Kìíní dé oṣù Kejìlá. Ẹ̀kọ́ tó wà níbẹ̀ ni pé ọkọ̀ méjì tí wọ́n ṣe lọ́dún kan náà lè yàtọ̀ bí ọ̀sán àti òru. Èyí tó gbé ní ìlú olótùútù lè dára ju èyí tó tuntun jù ú lọ ní ọdún méjì, tó gbé nínú oòrùn.

Lórí Leaf, ìlà kéékèèké 12 ló wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ìwọ̀n iná níwájú awakọ̀. Bí ìlà kìíní bá ti kú, agbára bátìrì ti wá sí nǹkan bíi ìdá 85. Bó bá ku 8, ó ti wá sí nǹkan bíi ìdá 66. Ṣùgbọ́n ẹ má gbára lé ojú nìkan. Àwọn kan mọ bí wọ́n ṣe ń tún kọ̀ǹpútà bátìrì tò kó lè fi ìlà 12 hàn fún ìgbà díẹ̀. Áàpù kan wà tí wọ́n ń pè ní Leaf Spy. Ẹ̀rọ kékeré kan tí a ń kì bọ abẹ́ ìdarí ọkọ̀ ló máa ń bá a sọ̀rọ̀, á sì sọ ipò bátìrì fún yín. Èyí tó dájú jù lọ ni kí ẹ ṣáàjì ọkọ̀ kún, kí ẹ wà á lọ sí Ìkẹ́rẹ́ kí ẹ sì padà, kí ẹ wo iye tó jẹ.

Bí ẹ bá ti mọ ipò bátìrì yín, ẹ lè tọ́jú rẹ̀ kó pẹ́ sí i. Ẹ wá ibòji fún un. Bí ọkọ̀ bá ṣẹ̀ṣẹ̀ ti ìrìn àjò dé, ẹ jẹ́ kó sinmi kí ẹ tó kì í mọ́ iná. Fún ọ̀pọ̀ bátìrì, ẹ má fi í sílẹ̀ ní kíkún nínú oòrùn láti àárọ̀ di alẹ́. Ìdá 80 tó fún ìrìn àárín ìlú. Àwọn bátìrì tí wọ́n ń pè ní LFP, tó wà nínú ọ̀pọ̀ ọkọ̀ tuntun láti Ṣáínà, kò ní ìṣòro púpọ̀ pẹ̀lú kíkún. Bí ẹ bá fẹ́ ra tuntun lóòótọ́, ìyẹn jẹ́ ìbéèrè tó yẹ kí ẹ bèèrè ṣáájú àwọ̀ àti tẹlifísọ̀n.

Ìbéèrè kẹta: irú iná wo ló wà nílé?

Ibí ni ọ̀pọ̀ ti ń ṣìnà. Sọ́kẹ́ẹ̀tì ilé lásán, bó bá ń gbé áńpì 10 ní fóòtì 230, ń fún ọkọ̀ ní nǹkan bíi yúnìtì 2.3 ní wákàtí kan. Ìdílé tó ń rin 30 lójúmọ́ nílò nǹkan bíi yúnìtì 5.4, torí kìlómítà 100 ń gba nǹkan bíi 18 pẹ̀lú ohun tó ń ṣòfò lójú ọ̀nà. Ìyẹn ni pé wákàtí mẹ́ta iná gidi ti tó wọn lójúmọ́. Kódà ẹni tó wà ní Band D, tí wọ́n ṣèlérí wákàtí 8 fún, lè rí i gbọ́ bí ìlérí náà bá ṣẹ.

Ṣùgbọ́n sọ́kẹ́ẹ̀tì yẹn kan náà ni ọkọ̀ tuntun yóò lò. Bátìrì tó gba 62 kò ní tìtorí pé ó tóbi kó yára kún. Yóò gbà ju wákàtí 26 lọ kó tó ti òfo di kíkún. Àǹfààní tó ní, tí a kò gbọ́dọ̀ fi pa mọ́, ni pé bó bá ti kún lẹ́ẹ̀kan, ó lè gbé yín la ọjọ́ mẹ́rin, márùn-ún já nígbà tí kò bá sí iná. Ní ọdún 2024 tí ẹ̀rọ iná orílẹ̀-èdè wa dojú dé léraléra, ìyẹn kì í ṣe nǹkan kékeré. Ẹni tí iná rẹ̀ ń lọ fún ọ̀sẹ̀ kan lè rí ìtura nínú bátìrì ńlá. Ẹni tí tirẹ̀ ń wá lójoojúmọ́ kò nílò rẹ̀.

Ohun tó sábà máa ń dí ṣáàjì lọ́wọ́ ní àdúgbò wa kì í ṣe àìsí iná nìkan. Iná tí kò lágbára ni, tó bọ́ sí 170 nírọ̀lẹ́ nígbà tí gbogbo àdúgbò bá tan fíríìjì, àti ilé tí kò ní ááàtì tó dára. Ṣájà ọkọ̀ oníná máa ń yẹ ááàtì wò. Bí kò bá rí i, kò ní ṣáàjì rárá. Ẹ lè gbé ọkọ̀ tuntun olówó gọbọi wálé kó wá kọ̀ jálẹ̀ nítorí wáyà tí kò tó nǹkan. Kí oníṣẹ́ iná tó mọṣẹ́ kọ́kọ́ wo wáyà ilé, kó fi sọ́kẹ́ẹ̀tì kan lélẹ̀ fún ọkọ̀ nìkan, pẹ̀lú wáyà tó nípọn àti bíréékà tirẹ̀. Bó bá jẹ́ pé transifọ́mà àdúgbò ni ìṣòro wà, kí àwọn onílé parapọ̀ kọ̀wé sí BEDC. Lábẹ́ òfin iná ti ọdún 2023, àṣẹ lórí ọjà iná ní Èkìtì ti kúrò lọ́wọ́ àjọ NERC ní Àbújá, ó ti bọ́ sọ́wọ́ ìpínlẹ̀ fúnra rẹ̀. Ẹjọ́ tí BEDC kò bá gbọ́, Adó náà lẹ ó gbé e lọ.

Jẹnẹrétọ̀ ńkọ́? Ẹ má dán an wò bí kò bá pọn dandan. Jẹnẹrétọ̀ kékeré máa ń mu nǹkan bí ìdajì lítà epo kí ó tó mú yúnìtì kan jáde. Yúnìtì 18 tí ọkọ̀ nílò fún kìlómítà 100 yóò wá gba nǹkan bíi lítà 8 tàbí 9. Iye epo tí ọkọ̀ elépo ì bá mu lójú ọ̀nà nìyẹn. Ẹ kàn ń sun epo nínú ọgbà dípò títì ni.

Sólà sàn jù, ṣùgbọ́n kí a ṣe ìṣirò rẹ̀. Fún yúnìtì 5.4 lójúmọ́, ọkọ̀ nìkan yóò nílò pátákó mẹ́rin tàbí márùn-ún tó jẹ́ 400 watt, ti ilé sì tún wà lọ́tọ̀. Ní oṣù Keje àti Kẹjọ tí òjò ń rọ̀, kò ní tó bẹ́ẹ̀. Ọkọ̀ oníná kì í gbà kí iná tó ń wọlé kéré ju nǹkan bíi 1,400 watt lọ, nítorí náà ínfátà kékeré tó ń gbé fáànù àti gílóòbù kò lè gbé e. Ẹ tún rántí pé ọ̀sán ni oòrùn ń ràn, ọ̀sán náà ni ọkọ̀ wà ní ibi iṣẹ́. Ẹni tó ní ṣọ́ọ̀bù tó lè gbé ọkọ̀ sí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ ní àǹfààní. Òṣìṣẹ́ ìjọba lè máa lo Sátidé àti Sọ́ńdè.

Orílẹ̀-èdè Ethiopia fi ohun tí à ń sọ hàn. Ní ìbẹ̀rẹ̀ ọdún 2024, wọ́n fòfin de kíkó ọkọ̀ elépo wọlé. Ohun tó jẹ́ kí wọ́n lè gbìyànjú rẹ̀ ni pé wọ́n ní iná láti inú ìdídò ńláńlá, owó rẹ̀ kò sì wọ́n. Iná ni wọ́n kọ́kọ́ ní. Ìdílé náà gbọ́dọ̀ tò ó bẹ́ẹ̀.

Ṣé tuntun ń dín owó kù?

Ẹ jẹ́ kí á ṣírò ọ̀rọ̀ náà. Kìlómítà 30 lójúmọ́, ọjọ́ 26 lóṣù, jẹ́ 780. Ó gba nǹkan bíi yúnìtì 140. Ní oṣù Kẹrin ọdún 2024 ni wọ́n gbé owó iná Band A láti ₦68 sí ₦225 lórí yúnìtì kan. Nígbà tó di oṣù Keje ọdún yẹn, ó wà ní nǹkan bíi ₦209.50. Bí a bá lo ìyẹn, iná ọkọ̀ jẹ́ nǹkan bíi ₦29,000 lóṣù. Ọkọ̀ elépo tó ń mu lítà 8 ní kìlómítà 100 yóò lo nǹkan bíi lítà 62. Bí lítà bá jẹ́ ₦900, nǹkan bíi ₦56,000 nìyẹn. Èrè ₦27,000 lóṣù wà nínú kíkúrò lórí epo bọ́ sórí iná.

Ṣùgbọ́n ẹ wò ó dáadáa: ẹ̀yin ti jẹ èrè yẹn. Ọkọ̀ oníná àtijọ́ ló ń fún yín. Leaf ọdún 2013 àti Leaf ọdún 2018 fẹ́rẹ̀ẹ́ jẹ iná dọ́gba ní kìlómítà kan. Bí wọ́n bá ní kí ẹ fi mílíọ̀nù 6 lé tiyín, kò sí owó iná kankan tí pààrọ̀ náà yóò dín kù láti dá mílíọ̀nù 6 náà padà. Jíjìnnà ìrìn àti ìfọ̀kànbalẹ̀ lẹ rà. Bí ẹ bá nílò wọn, ẹ kò ṣìṣe. Bí ẹ kò bá nílò wọn, ẹ ka ohun tí Ọlọ́hun sọ nípa ìná àpà nínú Súrà al-Isrā, āyà 26 àti 27.

Bí ẹ bá ti pinnu láti pààrọ̀

Fífi ọkọ̀ gba ọkọ̀ pẹ̀lú owó lórí kò ní ìṣòro nínú ẹ̀sìn. Ọkọ̀ kò sí lára àwọn ohun mẹ́fà tí Ànábì wa (kí ìkẹ́ àti ọlà Ọlọ́hun máa bá a) dárúkọ nínú ọ̀rọ̀ èlé orí pàṣípààrọ̀, ìyẹn wúrà, fàdákà, àlìkámà, ọkà báálì, èso dàbínù àti iyọ̀. Ohun tó ṣe pàtàkì ni pé kí iye ọkọ̀ kọ̀ọ̀kan hàn kedere. Ẹ kọ́kọ́ fẹnu kò lórí iye tiyín, kí ẹ wá fẹnu kò lórí iye tiwọn, kí wọ́n má baà fi èkíní pa èkejì mọ́.

Ibi tí ìdílé ti ń já sí kòtò ni owó tí wọ́n fẹ́ fi lé e. Ní oṣù Kọkànlá ọdún 2024, báńkì àpapọ̀ gbé òdiwọ̀n èlé dé 27.50 nínú ọgọ́rùn-ún, èlé tí báńkì ń gbà lọ́wọ́ aráàlú sì máa ń ju ìyẹn lọ. Yàtọ̀ sí pé Ọlọ́hun ṣe é léèwọ̀, ìṣirò lásán fi hàn pé yóò jẹ èrè ₦27,000 yẹn run pátápátá. Àwọn báńkì tí kì í gba èlé wà: Jaiz bẹ̀rẹ̀ ní ọdún 2012, TAJBank ní 2019, Lotus ní 2021. Nínú ètò mùràbáhà, báńkì ló máa ra ọkọ̀ náà fúnra rẹ̀, á tà á fún yín ní iye tó yé tọ̀túntòsì, ẹ ó sì máa san án díẹ̀díẹ̀. Iye náà kò gbọ́dọ̀ máa wú bí ẹ bá pẹ́. Ṣùgbọ́n gbèsè náà ni gbèsè ń jẹ́. Kí ẹ kọ ọ́ sílẹ̀ pẹ̀lú ẹlẹ́rìí, bí āyà 282 nínú Súrà al-Baqarah ṣe pa á láṣẹ.

Ẹ̀yin náà ń ta nǹkan o. Ẹ rántí ìtàn Ànábì wa (kí ìkẹ́ àti ọlà Ọlọ́hun máa bá a) tó ki ọwọ́ bọ òkìtì oúnjẹ lọ́jà, tó bá ọ̀rinrin nísàlẹ̀, tó sì bi ẹni tó ń tà á léèrè ìdí tí kò fi gbé èyí tó tutù sókè kí àwọn ènìyàn lè rí i. Bátìrì tó ti rẹ̀ nísàlẹ̀ ọkọ̀ kò yàtọ̀ sí oúnjẹ tó tutù nísàlẹ̀ òkìtì. Ẹ sọ iye kìlómítà tó ń rìn báyìí fún ẹni tó fẹ́ gbà á. Ọkọ̀ tó ń rin 75 lè jẹ́ àánú fún olùkọ́ tí ilé ìwé rẹ̀ kò jìnnà, bó bá mọ ohun tó ń rà.

Ohun tí a fẹ́ kí ẹ ṣe

Ní ọ̀sẹ̀ tó ń bọ̀, kí ẹni tó ń wa ọkọ̀ máa kọ kìlómítà tó rìn lójoojúmọ́ sínú ìwé. Kí ẹ ṣáàjì ọkọ̀ kún lẹ́ẹ̀kan, kí ẹ wo ibi tó gbé yín dé. Kí oníṣẹ́ iná wo ááàtì àti wáyà. Lẹ́yìn náà, kí tọkọtìyàwó jókòó. Bí ìrìn ojúmọ́ bá wọ inú ohun tí bátìrì ń fúnni, ẹ di ọkọ̀ àtijọ́ mú, kí ẹ fi díẹ̀ nínú owó náà tún iná ilé ṣe. Gbogbo ilé ló máa jẹ àǹfààní rẹ̀, àti ọkọ̀ èyíkéyìí tí ẹ bá rà lọ́jọ́ iwájú. Bí ìrìn bá ju bátìrì lọ, tàbí bátìrì náà jẹ́ ti àwọn tí wọ́n pè padà tí wọn kò tíì tún un ṣe, ẹ pààrọ̀ rẹ̀ láìjáfara, láìjẹ èlé.

Kí Ọlọ́hun fi ìbùkún sí ohun tó wà lọ́wọ́ wa, kó sì pa wá mọ́ lójú ọ̀nà. Àmín.